Ìyá, Ọmọ àti Kẹ̀kẹ́: Ọ̀nà Tí Ọkọ̀ Kò Gbà ní Àfonífojì Drava

Kò sí ìyá tí àyà rẹ̀ kì í já nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ jáde sí ojú títì. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ni ó ń bà á lẹ́rù. Bí ọmọ bá ti orí kẹ̀kẹ́ ṣubú, orúnkún rẹ̀ lè bó, yóò sunkún, ìyá yóò wẹ ojú egbò náà, yóò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ohun tí ń ba ìyá lẹ́rù ni ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn: èyí tí awakọ̀ rẹ̀ ń kánjú, èyí tí kò rí ọmọ, èyí tí bíréèkì rẹ̀ kò mú. Nítorí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi pa kẹ̀kẹ́ gígùn tì láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí àkọ́bí wọn. Wọn a ní agbára kò sí mọ́, wọn a ní ìgbà ọmọge ti kọjá. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, a ó rí i pé kì í ṣe agbára ni ó tán. Ọ̀nà ni kò sí.

Bí ìyá bá wá rí ọ̀nà tí ọkọ̀ kò gbà ńkọ́? Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà ní àfonífojì kan láàrin àwọn òkè Alps ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí àwọn ìyá ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú dé ìlú, láti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn àti ọmọ níwájú wọn. Àwọn ìyàwó ilé wa tí ń bá ọkọ wọn gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ítálì, Jámánì tàbí Ọ́sítríà lè fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ibẹ̀ nígbà ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé. Àwa tí a wà nílé pẹ̀lú yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ bí a ti ń yan ọ̀nà fún ọmọ kò mọ sí ilẹ̀ kan ṣoṣo.

IBI TÍ OMI TI PÍN SÍ MÉJÌ

Ní àríwá ilẹ̀ Ítálì, lẹ́bàá ààlà Ọ́sítríà, ìlú kékeré kan wà tí ń jẹ́ Toblach. Ìlú náà ga tó nǹkan bí mítà 1,250 sókè ju ojú òkun lọ. Orúkọ méjì ni ó ń jẹ́: àwọn tí ń sọ èdè Jámánì ń pè é ní Toblach, àwọn tí ń sọ èdè Ítálì ń pè é ní Dobbiaco. Ìdí rẹ̀ ni pé abẹ́ ìjọba Ọ́sítríà ni gbogbo agbègbè náà wà títí di òpin Ogun Àgbáyé Kìíní, kí ó tó di ti Ítálì. Èdè méjèèjì ni wọ́n ń kọ sí ara pátákó ojú ọ̀nà títí di òní, nítorí náà kí àlejò má ṣe rò pé òun ti ṣìnà nígbà tí ó bá rí orúkọ méjì lára ìlú kan.

Ohun ìyanu kan wà nípa ilẹ̀ Toblach. Ibẹ̀ ni omi ti ń pín. Òjò tí ó bá rọ̀ sí apá kan yóò ṣàn lọ sínú odò Rienz, yóò sì kọjá sínú Òkun Adriatic ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Ítálì. Èyí tí ó bá rọ̀ sí apá kejì yóò bọ́ sínú odò Drava, Drava yóò gbé e lọ sínú odò Danube, Danube yóò sì gbé e dé Òkun Dúdú. Odò Drava yìí, tí gígùn rẹ̀ lé ní 700 kìlómítà, kò ju odò kékeré tí ọmọdé lè fò kọjá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wa gbà, láti Toblach ní Ítálì títí dé Lienz ní Ọ́sítríà, nǹkan bí kìlómítà 45.

OHUN MẸ́TA TÍ Ó MÚ ÌRÌN NÁÀ RỌRÙN

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé àwọn òkè Alps ni a ń sọ yóò rò pé alágbára nìkan ni ó lè gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní àfonífojì yìí, ohun mẹ́ta ni ó sì fà á.

Èkíní ni odò fúnra rẹ̀. Omi kì í gun òkè. Ibi tí odò bá ti ṣàn, ilẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ ni. Toblach ga tó mítà 1,250, Lienz kò ju nǹkan bí 670 lọ. Bí a bá pín in sórí kìlómítà 45, ilẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ ní nǹkan bí mítà 13 ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Èyí kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ń dáni láyà já. Ó kàn tó kí kẹ̀kẹ́ máa yí fúnra rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ni. Ẹni tí ó bá ti Toblach sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Lienz ni odò ń ràn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti Lienz gòkè wá ni yóò mọ̀ pé òkè Alps ni òun wà.

Èkejì ni pé wọ́n ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára títì ọkọ̀. Títì ńlá wà ní àfonífojì náà, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń sáré lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ omi, láàrin pápá koríko àti igbó, ó sì ní afárá tirẹ̀. Apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n da ọ̀dà sí. Ìyá lè gbọ́ ohùn ọmọ tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó lè dáhùn láìpariwo, ó sì lè dúró nígbà tí ó bá wù ú láìsí ẹni tí yóò fun fèrè lé e lórí.

Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ ojú irin. Láti ọdún 1871 ni rélùwéè ti ń gba inú àfonífojì yìí. Nígbà tí ìdílé bá dé Lienz ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ti rẹ gbogbo ẹsẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí wọ́n gun òkè padà. Wọn a gbé kẹ̀kẹ́ wọn wọ ọkọ̀ ojú irin, yóò sì gbé wọn padà sí Innichen tàbí Toblach. Ẹni tí kò bá mú kẹ̀kẹ́ wá láti ilé lè yá ti àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ háyà ní Toblach àti Innichen, ó sì ṣeé ṣe láti dá a padà ní Lienz. Kí a ṣáà béèrè kí á tó sanwó, kí a sì ránti pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, èrò máa ń pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́. Ìyá tí ó bá tètè dé ni yóò ríbi jókòó.

Odò, ọ̀nà àti ọkọ̀ ojú irin: bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ kò ní lè rìn ín. Ìyẹn ni ó fi hàn pé ìgboyà nìkan kọ́ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ní. Àwọn kan ti jókòó, wọ́n ti rò ó, wọ́n sì ti la ọ̀nà sílẹ̀ dè wọ́n.

ÌRÌN NÁÀ NÍ ỌJỌ́ MÉJÌ

Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ọmọ ń fi ọjọ́ kan rin ìrìn yìí. Fún ìdílé tí ó ní ọmọdé, ọjọ́ méjì ni ó tọ́.

Ní ọjọ́ kìíní, kí a kúrò ní Toblach ní òwúrọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà márùn-ún, a ó dé Innichen, tí àwọn ará Ítálì ń pè ní San Candido. Ọdún 769 ni ọba kékeré kan tí ń jẹ́ Tassilo fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní ilẹ̀ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta tí ó wà níbẹ̀ lónìí sì ti lo ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Láti Innichen a ó kọjá ààlà. Ẹlòmíràn kò ní mọ̀ pé òun ti kúrò ní Ítálì, àfi nígbà tí ó bá rí pátákó. Síbẹ̀, kí gbogbo ìdílé mú ìwé ìrìnnà wọn dání. Àwọn tí ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ní láti gba físà Schengen kí wọ́n tó kúrò nílé, físà kan náà ni ó sì wúlò fún Ítálì àti Ọ́sítríà.

Sillian ni ìlú tí ó tọ́ kí a sùn sí. Kò ju nǹkan bí kìlómítà 18 sí Toblach lọ, pápá ìṣeré àwọn ọmọdé sì wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó ti jókòó lẹ́yìn ìyá láti òwúrọ̀ ní láti sáré kí ó sì gun nǹkan. Bí a kò bá fún un ní àyè yìí, ẹkún ni yóò fi kìlómítà tí ó kù sun.

Ní ọjọ́ kejì, nǹkan bí kìlómítà 30 ni ó kù dé Lienz. A ó rí ilé olódi Heinfels lórí òkè rẹ̀, a ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe bisikíìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti máa ń yà láti ra ìpápánu. Lẹ́yìn èyí àfonífojì yóò fún, igbó yóò súnmọ́ ọ̀nà, ariwo omi yóò sì pọ̀ sí i. Nígbà tí òkè bá tún là, Lienz ni a dé, olú ìlú agbègbè Ìlà-Oòrùn Tyrol. Àwọn tí ó bá fẹ́ràn ìtàn lè lọ wo Aguntum lẹ́bàá ìlú náà, níbi tí àwókù ìlú àwọn ará Róòmù àtijọ́ wà. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kò parí ní Lienz. Ó ń tẹ̀lé Drava lọ sí Spittal àti Villach, títí dé Maribor ní ilẹ̀ Slovenia. Ṣùgbọ́n ìyẹn di ọ̀rọ̀ ọdún mìíràn, nígbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà.

Ọ̀NÀ TÍ OGUN LÀ, TÍ ỌMỌDÉ Ń GBÀ

Ìdílé tí ó bá ní ọjọ́ kan sí i lè gba ọ̀nà kejì láti Toblach, èyí tí ó kọjú sí gúúsù, sí ìlú Cortina. Ọ̀nà rélùwéè ni tẹ́lẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin síbẹ̀ láti fi kó ẹrù ogun. Ní 1921 ó di rélùwéè èrò, ó gbé àwọn òǹwòran lọ sí Ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ti Cortina ní 1956, wọ́n sì pa á tì pátápátá ní 1964. Wọ́n ká irin kúrò, ọ̀nà sì kù. Nítorí pé ọkọ̀ ojú irin kò lè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn tí wọ́n la ọ̀nà náà mú un lọ díẹ̀díẹ̀ ni, àǹfààní yìí ni ó sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọdé tí ń gun kẹ̀kẹ́ lónìí.

Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí ọ̀nà yìí láti Toblach, ó sì ń gòkè títí dé ibi tí ó ga tó mítà 1,530. Ìyá ọlọ́mọ kò ní láti dé Cortina. Kí ó lọ títí dé adágún omi Dürrensee, tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 12 lọ, kí wọ́n jẹun lẹ́bàá omi, kí wọ́n wo àwọn òkè funfun Dolomites tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2009, kí wọ́n sì yí padà. Bí àlọ bá mú ẹsẹ̀ díẹ̀, ìsàlẹ̀ ni àbọ̀. Nínú àfonífojì kan náà ni itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kú ní àwọn òkè wọ̀nyẹn wà, lábẹ́ igi. Àwọn pẹ̀lú jẹ́ ọmọ ìyá. Nígbà tí a bá rí ọmọdé tí ń fi agogo kẹ̀kẹ́ ṣeré kọjá níbẹ̀, a ó mọ̀ pé ohun tí a fi ọ̀nà ṣe ni ó ṣe pàtàkì.

Ọ̀NÀ TÍ KÒ NÍ ỌKỌ̀ KÌ Í ṢE Ọ̀NÀ TÍ KÒ NÍ EWU

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Bí ọkọ̀ kò bá sí, ewu mìíràn wà, ìyá tí ó gbọ́n yóò sì mọ̀ wọ́n kí ó tó jáde.

Àwọn ibì kan wà tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti ń dá títì ọkọ̀ kọjá, tàbí tí àgbẹ̀ ń wa katakata gbà á lọ sí pápá rẹ̀. Kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ ní irú ibẹ̀, kí wọ́n ti kẹ̀kẹ́ kọjá. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, tí wọ́n sì ń yára kọjá. Kí a kọ́ ọmọ láti máa gba ọwọ́ ọ̀tún, pàápàá ọmọ tí a tọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọwọ́ òsì ti mọ́ lára.

Sísọ̀ kalẹ̀ ni ó ń gba ọgbọ́n ju gígòkè lọ. Ọmọ tí ó bá ń dún un mọ́ra pé òun ń sáré lè gbàgbé bíréèkì. Kí a wò ó nílé bóyá ìka ọwọ́ rẹ̀ tó bíréèkì, kí a kọ́ ọ láti fún méjèèjì pọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó má ṣe já ti iwájú nìkan gbà lójijì. Àgbàlagbà kan ni kí ó ṣíwájú, kí èkejì kẹ́yìn, kí àwọn ọmọ wà láàrin.

Akoto kò ṣeé fi ṣeré. Ní Ọ́sítríà, láti ọdún 2011, òfin ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 gbọ́dọ̀ dé akoto, yálà ó ń gun kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni tàbí wọ́n gbé e. Ohun tí a bá sì fi òfin mú ọmọ ṣe, kí òbí kọ́kọ́ ṣe é. Ojú ni ọmọ fi ń kọ́ ìwà.

Ní ti ọmọ ọwọ́, àwọn oníṣègùn ọmọdé kì í fẹ́ kí a gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan sórí kẹ̀kẹ́, nítorí ọrùn rẹ̀ kò tíì le tó láti gba akoto àti gbígbọ̀n ọ̀nà. Lẹ́yìn ọdún kan, ìjókòó ọmọ tí ó ní ìgbànú wà, ọmọlanke kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà sì wà, tí ọmọ méjì lè jókòó sí. Ṣùgbọ́n kí ìyá má ṣe pọn ọmọ gun kẹ̀kẹ́ láé. Ọ̀já tí ó dára fún ẹsẹ̀ rírìn kò dára fún èyí. Bí ìyá bá ṣubú, láti òkè ni ọmọ yóò ti bá a ṣubú.

Ojú ọjọ́ òkè ń yí padà kíákíá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, òwúrọ̀ lè mọ́ gaara kí àrá sì sán ní ọ̀sán. Nítorí náà ni a fi ń tètè jáde kí a sì tètè dé. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ni àkókò rẹ̀ dára. Nígbà òtútù yìnyín ń bo ilẹ̀. Bí ohun burúkú bá ṣẹlẹ̀, 112 ni nọ́ńbà tí a ń pè ní Ítálì àti ní Ọ́sítríà, kò sì gba owó.

ẸRÙ TÍ ÌYÁ YÓÒ DÌ

Kí ẹrù má pọ̀, ṣùgbọ́n kí ó pé. Aṣọ òtútù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí òwúrọ̀ tutù, àti aṣọ òjò fẹ́lẹ́. Ìpara tí ń dáàbò bo awọ ara, nítorí oòrùn òkè mú ju bí ó ti rí lójú lọ. Ìtẹ̀dí ọmọ, aṣọ ìnujú, oògùn egbò, tíúbù kan àti páńpù. Oúnjẹ tí kò ní bàjẹ́: búrẹ́dì, ẹyin sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà. Ẹ̀rọ omi wà ní ọ̀pọ̀ abúlé. Bí ìyá bá rí “Trinkwasser” tàbí “acqua potabile”, omi mímu ni, ṣùgbọ́n bí ó bá rí “kein” níwájú ti àkọ́kọ́ tàbí “non” láàrin ti ìkejì, kí ó má ṣe bu ún fún ọmọ.

Ní ti aṣọ, kí ìró àti ìborùn dúró sílé. Ṣéènì àti wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò mọ aṣọ òkè yàtọ̀ sí àǹkárá. Ohun tí ó bá ṣáà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ni wọ́n ń gbé mì. Ṣòkòtò tí ó fún lẹ́sẹ̀ ni ó yẹ.

ẸNI TÍ Ó KÉRÉ JÙ NI ÒṢÙWỌ̀N

Ohun tí ń ba irú ìrìn báyìí jẹ́ jù lọ kì í ṣe òjò, kì í sì í ṣe táyà tí ó jò. Ìkánjú ni. Bàbá fẹ́ kí wọ́n dé kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi hàn pé òun lè sáré, àbúrò sì ti ń fi ẹkún kẹ́yìn. Ìyá ni yóò máa sáré láàrin wọn, tí yóò sì dé Lienz pẹ̀lú àárẹ̀ méjì, ti ẹsẹ̀ àti ti ọkàn. Kí tọkọtaya fi ẹnu kò kí wọ́n tó jáde pé ẹsẹ̀ ẹni tí ó kéré jù ni gbogbo ilé yóò máa fi rìn. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Kí ọkọ sì gba ẹrù. Bí ìyá bá ti ń dáná, tí ń fọṣọ, tí ń jí lóru fún ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò tọ́ kí òun náà tún ni yóò fa ọmọlanke lójú ọ̀nà ìsinmi. Kí bàbá fa ọmọ, kí ìyá gun kẹ̀kẹ́ tí ó fúyẹ́. Ìyá tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ó bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì rẹ̀ léèrè kí ó tó padà sórí kẹ̀kẹ́. Kò sí ẹni tí ń lé e.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbà pé ìbẹ̀rù wa ni àléébù wa. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá tí ń bẹ̀rù ọkọ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ ń ríran ni. Àwọn ará àfonífojì Drava kò sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má bẹ̀rù mọ́. Ohun tí ń dẹ́rù bà wọ́n ni wọ́n gbé kúrò lójú ọ̀nà. Nítorí náà, kí a tó bi ara wa pé ǹjẹ́ a lágbára tó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè irú ọ̀nà tí ó wà: ṣé ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́, ṣé a ya á sọ́tọ̀, ṣé a ó rí ohun tí yóò gbé wa padà sílé? Ìdílé tí ó ń gbé ìlú ńlá lè bi ìbéèrè mẹ́ta yìí nípa ọ̀nà ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Níbi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ìyá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, kí ó nu eruku ara rẹ̀, kí ó sì fún ọmọ ní agogo láti máa lù.